Orí Kẹfà: Táyà Tó Tọ́ fún Máṣíìnì Àtijọ́, Láìná Ìnákúnàá

Bí máṣíìnì bá ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, owó tí a ń ná lé e lórí máa ń ká ni lára. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ṣì ń dún dáadáa, kó má mu epo jù, kó sì máa gbé wa débi tí à ń lọ. Síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ táyà bá dé, ọ̀pọ̀ wa a máa sọ pé, "Máṣíìnì tó ti gbó báyìí, kí ni mo fẹ́ fi táyà gidi ṣe lẹ́sẹ̀ ẹ̀?" Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan fi ń kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orí ibẹ̀ ni bíréèkì, yíyà sọ́tùn-ún sósì, ẹrù, àti ẹ̀mí ẹni tó ń wà á pẹ̀lú ẹni tó gbé sẹ́yìn dá lé, ìbáà jẹ́ máṣíìnì tuntun tàbí ti ọdún pípẹ́.

Orí yìí kò ní kí ẹ lọ ra èyí tó wọ́n jù lọ́jà. Ohun tó wà fún ni pé kí ẹ lè fi owó níwọ̀nba wọ ọjà, kí ẹ sì mú táyà tó bá rímù yín mu, tí kò tíì gbó sínú ṣọ́ọ̀bù, tó sì lè ru ohun tí ẹ ń rù, bọ̀ wálé. Ìwọ̀n, ọjọ́ orí, agbára: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bàbàrà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, owó tí ẹ rò pé ẹ dá sí, fọkanáísà ni yóò máa gbà á díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ yín, bí kò bá jẹ́ ilé ìwòsàn.

Àwọn máṣíìnì tí a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni Bajaj Boxer, Honda CG125, àti AX100 ti Suzuki pẹ̀lú èyí tí Jincheng ṣe, nítorí wọ́n pọ̀ nígboro àti lábúlé wa.

Ṣé àsìkò ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀?

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà lẹ́sẹ̀ máṣíìnì wò. Ẹ fi irin ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbé e ró, kí ẹ máa fọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ táyà, ẹ óò rí lẹ́tà TWI tàbí àmì kékeré onígun mẹ́ta. Ẹ tọ ọ̀gangan ibẹ̀ gòkè lọ sí ojú táyà. Nínú kòtò tó wà láàárín eyín táyà, ẹ óò rí ibi tí rọ́bà ti yọ gegele díẹ̀. Gegele náà kò ga ju nǹkan bíi 0.8 mm lọ. Ọjọ́ tí eyín táyà bá ti jẹ débi pé òun àti gegele náà wà lọ́gbọọgba, táyà yẹn ti parí iṣẹ́, bó tilẹ̀ ṣì ní ìlà díẹ̀ lójú.

Àwọn àmì mìíràn tí kì í purọ́ nìwọ̀nyí:

- Ẹ̀gbẹ́ táyà ti sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ̀, pàápàá nítòsí ibi tó ti há mọ́ rímù. Rọ́bà ti gbẹ nìyẹn.
- Ibì kan wú síta lára rẹ̀. Òwú inú táyà ti já níbẹ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè lẹ̀ ẹ́.
- Òwú inú rẹ̀ ti yọ síta. Ẹ má fi irú rẹ̀ gbé èrò mọ́, kódà títí dé ìkóríta.
- Àárín ojú táyà ti tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì ga. Máṣíìnì á máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣubú nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ yà.
- Ìṣó kéékèèké tí kì í ṣe táyà náà ní nǹkan tẹ́lẹ̀ wá ń gún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù.

Ti ẹ̀yìn ló sábà máa ń jẹ tán ṣáájú, nítorí òun ni ṣéènì ń fà, òun náà ló sì ń ru èrò. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá pààrọ̀ ti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì kí ti iwájú tó kùnà.

Ìwọ̀n: kíka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ ìwọ̀n. Èkíní ni irú 3.00-17. 3.00 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní ínṣì, 17 sì ni ìwọ̀n rímù tó máa wọ̀, òun náà ní ínṣì. Èkejì ni irú 80/90-17. 80 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 90 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 90 nínú 100 fífẹ̀ náà, èyí tí í ṣe 72 mm. 17 ni rímù. Táyà 2.75 àti 80/90 sún mọ́ra wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni 3.00 àti 90/90, nítorí náà bí ọlọ́jà bá gbé ọ̀kan fún yín dípò èkejì, kò tíì tàn yín jẹ. Nọ́ńbà rímù ni kò gba àyídà kankan: táyà 18 kò lè wọ rímù 17 láé.

Boxer tí a mọ̀ bí ẹni mowó máa ń lo 2.75-17 níwájú, 3.00-17 lẹ́yìn. AX100 ń lo 2.50-18 níwájú, 2.75-18 lẹ́yìn. Nínú àwọn CG125 àtijọ́, ẹ óò rí òmíràn tí rímù iwájú rẹ̀ jẹ́ 18, tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 17. Ẹni tó bá ka ẹyọ kan tó sì ra méjì, yóò padà sọ́jà lọ́jọ́ kejì.

Máṣíìnì tó ti gba ọwọ́ ẹni méjì mẹ́ta kọjá ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ní in lè ti pààrọ̀ rímù, ẹni kejì lè ti fi táyà tó rí lọ́jọ́ náà sí i. Torí náà, ẹ má fi ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nìkan ṣe ẹ̀rí. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìbòrí ṣéènì tàbí apá irin tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, bí kò bá tíì ṣí kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ nu rímù fúnra rẹ̀ mọ́. Wọ́n sábà máa ń tẹ ìwọ̀n rẹ̀ mọ́ irin náà lára, irú bíi 1.60x17. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ẹnu ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn kan a máa fẹ́ táyà tó tóbi ju ti ilé lọ, kí máṣíìnì lè ga kó sì rí bí ọkùnrin. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sókè, ẹ má ju ìpele kan lọ, ìyẹn láti 2.75 sí 3.00, kí ẹ sì rí i dájú pé àyè ọmọ ìka kan wà láàárín táyà àti ìbòrí ṣéènì, láàárín òun àti mọ́gáàdì, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá irin méjèèjì. Táyà tó bá ń ha ara rẹ̀ mọ́ irin nígbà tí èrò bá jókòó yóò jẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ojú kì í tètè dé.

Ọjọ́ orí: táyà lè gbó láìrìn

Michelin ti iléeṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt lọ́dún 2007. Kò pẹ́ sígbà náà tí Dunlop tó wà ní Ìkẹjà náà dáwọ́ dúró. Láti ìgbà yẹn, táyà tí à ń lò ní Nàìjíríà, òkè òkun ló ń ti wá: Íńdíà, Ṣáínà, Thailand, Indonesia àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dúró ní èbúté, ó wọ ilé ìkẹ́rùsí ọlọ́jà ńlá, kó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kékeré tó gbé e kọ́ síta nínú oòrùn. Ní gbogbo àkókò yìí, rọ́bà ń gbẹ. Táyà tí kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí lè ti gbó.

Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin kan tó wà nínú àpótí kékeré róbótó gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Lórí ọ̀pọ̀ táyà, ìdí ìlà tí wọ́n fi lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀ ló máa ń wà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà yìí lè wà, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i lápá ọ̀tún, ẹ yí táyà náà padà. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó wọlé. Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un.

Àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà àti àjọ FRSC tó ń ṣọ́ ojú pópó ti ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má lo táyà tó bá ti kọjá ọdún 4 sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ ka ọdún mẹ́rin náà láti ọjọ́ tó wà lára táyà, ẹ má kà á láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Èyí tó bá ti lo ọdún 3 nínú ṣọ́ọ̀bù ti jẹ ọjọ́ yín kù sí ọdún kan. Bí ọlọ́jà bá ń tà á lówó táyà tuntun, ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà ti dé nìyẹn. Fún ọlọ́kadà tó ń sáré látàárọ̀ dalẹ́, tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yóò jẹ tán kí ọdún tó yípo, táyà ọlọ́dún kan ààbọ̀ tí wọ́n bá gé owó rẹ̀ kúrò kì í ṣe ọjà búburú. Fún olùkọ́ tàbí àgbẹ̀ tó ń gun máṣíìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló yẹ, torí yóò pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka nọ́ńbà, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ojú rọ́bà. Rọ́bà tó ṣì ní ẹ̀mí yóò jìn díẹ̀, yóò sì padà. Èyí tó le gbagidi bí igi kò ní di ọ̀nà mú lọ́jọ́ òjò.

Agbára: ẹ ṣírò ohun tí ẹ ń rù

Lẹ́yìn ìwọ̀n táyà, ẹ óò rí nọ́ńbà kan pẹ̀lú lẹ́tà kan, irú bíi 50P. Nọ́ńbà yẹn ni iye ẹrù tí táyà lè rù nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pé. Lẹ́tà náà ni eré tó lè sá: J jẹ́ 100 km ní wákàtí kan, L jẹ́ 120, P jẹ́ 150. Fún máṣíìnì kékeré àtijọ́, eré kọ́ ni ìṣòro wa, ẹrù ni. Ẹ mọ díẹ̀ nínú wọn: 38 jẹ́ 132 kg, 41 jẹ́ 145 kg, 47 jẹ́ 175 kg, 50 jẹ́ 190 kg, 52 jẹ́ 200 kg.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní máṣíìnì jẹ́ 120 kg, ẹni tó ń wà á 75 kg, èrò ẹ̀yìn 75 kg, àpò gaàrí tó wà láàárín 30 kg. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 300 kg. Bí èrò àti ẹrù bá ti wà lẹ́yìn, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn nǹkan bíi 200 kg. Táyà 50, tó jẹ́ 190 kg, ti kún dé ẹnu, ó tilẹ̀ ti kún kọjá, lórí èrò kan ṣoṣo àti àpò kan. Ẹni tó bá wá fi èrò méjì lé e, tàbí tó di àpò sìmẹ́ńtì mọ́ ọn, táyà ló ń pa díẹ̀díẹ̀. Kò yẹ kó yà á lẹ́nu bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà.

Ẹ tún wo PR: 4PR, 6PR, 8PR. Ó ń sọ bí ara táyà ṣe le tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí, bẹ́ẹ̀ ni táyà ń gba ẹrù sí. Fún ẹni tó ń dá gun máṣíìnì rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, 4PR tó. Fún ọ̀kadà àti fún àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ àti iṣu bọ̀ láti oko, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 6PR lẹ́yìn. Níbí ni owó díẹ̀ sí i ti ń mú èrè wá jù lọ.

Eyín táyà àti ọ̀nà tí ẹ ń gbà

Bí ọ̀dà ló pọ̀ jù nínú ọ̀nà yín, ẹ wá táyà tí ìlà gígùn wà lójú rẹ̀ fún iwájú. Ìlà gígùn ń jẹ́ kí máṣíìnì máa tọ́ sọ́nà, ó sì ń fún omi òjò láyè láti sá. Fún ẹ̀yìn, ẹ mú èyí tí eyín rẹ̀ pín sí wẹ́wẹ́ tí kòtò rẹ̀ sì jìn, torí ibẹ̀ ni agbára ẹ́ńjìnnì ti ń jáde.

Bí ọ̀nà oko ló pọ̀ jù, tí ilẹ̀ pupa ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò, táyà eléyín ńlá yóò ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé eyín ńlá máa ń tètè jẹ lórí ọ̀dà, ó ń hó lójú ọ̀nà, kì í sì í di ọ̀dà tútù mú dáadáa nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Ẹni tó ń gba ọ̀dà àti ọ̀nà oko pọ̀, eyín tó wà ní agbede-méjì ló bá a mu, kó má tóbi jù, kó má sì wẹ́ jù.

Bí owó kò bá ká méjèèjì

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni owó máa ń wà fún méjì. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ẹ lè rà, ẹ pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ jù ná. Bí wọ́n bá bàjẹ́ dọ́gba, ẹni tó ń dá gun máṣíìnì rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ ra ti iwájú. Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, iwájú ni ara máṣíìnì ń dà sí, ẹsẹ̀ iwájú ló sì ń darí wa. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ènìyàn a ṣì lè gbé e bọ̀ sípò, bí iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ló kù. Ẹni tó ń gbé èrò ni kó kọ́kọ́ ra ti ẹ̀yìn, torí òun ló ń ru ẹ̀mí ẹlòmíràn.

Ẹ má ṣe fi iye tí ọlọ́jà pè nìkan díwọ̀n ọ̀pọ̀ àti ọ̀wọ́n. Ká ní táyà kan jẹ́ ₦12,000, tó sì lo oṣù 6, ₦2,000 ni ẹ ń san lóṣù. Ká ní èkejì jẹ́ ₦18,000, tó lo ọdún kan, ₦1,500 ni ẹ ń san lóṣù, ẹ kò sì ní san owó pípààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ ra táyà sínú ìwé tàbí fóònù. Lẹ́yìn táyà méjì mẹ́ta, ẹ óò mọ èyí tó ń jẹ owó yín àti èyí tó ń dá a padà.

Ọ̀nà mìíràn tí owó fi ń dínkù ni kí ẹ̀yin mẹ́ta mẹ́rin tó ń gun irú máṣíìnì kan náà pa owó pọ̀, kí ẹ lọ rà á pọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́jà ńlá. Iye tí wọ́n ń pè fún ẹni tó ra mẹ́jọ kì í ṣe iye tí wọ́n ń pè fún ẹni tó ra ẹyọ kan, ì báà jẹ́ ní Ládipọ̀ l'Ékòó, ní Àràrọ̀mí tó wà ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, tàbí ní Nnewi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara máṣíìnì ti ń gbéra.

Tòkunbọ̀ àti táyà tí wọ́n tún ojú rẹ̀ gé

Bí ẹ bá lè yẹra fún tòkunbọ̀, ẹ yẹra fún un. Ẹ kò mọ ẹrù tó ti rù, ẹ kò mọ iye ìṣó tó ti gún un, ọjọ́ orí rẹ̀ sì sábà máa ń kọjá ọdún mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di kàn-án-ńpá, ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí ẹ máa fi ìka wá ibi tí wọ́n ti lẹ̀, ibi tó wú, tàbí ibi tí òwú ti ń yọ.

Táyà tí wọ́n tún ojú rẹ̀ gé yàtọ̀ sí èyí. Àwọn kan a máa fi irin gbígbóná la ìlà tuntun sójú táyà tó ti pá, kó lè dà bí èyí tó ṣì ní eyín. Ìwọ̀nba rọ́bà tó kù láàárín ọ̀nà àti òwú inú ni wọ́n gé kúrò yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ wo etí ìlà náà. Ti iléeṣẹ́ máa ń dán, ó máa ń dọ́gba, gegele TWI sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ti ọwọ́ máa ń rí wúruwùru, kì í sì í ní gegele. Bó ti wù kó pọ̀ tó, ẹ má rà á.

Níwájú ọlọ́jà

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ óò gbọ́ dandan. "Ọ̀gá mi, èyí ló ń lọ jù. Gbogbo ọlọ́kadà àdúgbò yìí, òun ni wọ́n ń rà." Ẹ fèsì pẹ̀lẹ́: "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ka nọ́ńbà ara ẹ̀ ná." Ó lè ní, "Nọ́ńbà kẹ̀? Ọjà tuntun ni, náílọ́ọ̀nù ṣì wà lára ẹ̀." Èsì yín ni, "Mo rí náílọ́ọ̀nù, ẹ̀gbọ́n. Ọdún tí wọ́n ṣe é ni mo ń wá." Ọlọ́jà tó mọ ohun tó ń tà kò ní bínú. Yóò bá yín wá a.

Ẹ tú náílọ́ọ̀nù náà kí ẹ tó sanwó. Orúkọ iléeṣẹ́, ìwọ̀n, agbára àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é gbọ́dọ̀ yọ láti ara rọ́bà fúnra rẹ̀, kì í ṣe kìkì lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí bébà bá sọ ìwọ̀n kan tí rọ́bà sọ òmíràn, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ gbé táyà ró, kí ẹ wo etí rẹ̀ méjèèjì tó máa há mọ́ rímù. Ó gbọ́dọ̀ ṣe róbótó láìní ibi tó ti ṣẹ́. Àwọn kan a máa ki táyà kan bọ inú òmíràn kí púpọ̀ lè wọ kọ́nténà. SON ti kìlọ̀ lórí àṣà yìí léraléra, nítorí waya tó wà ní etí táyà a máa ṣẹ́ níbẹ̀, kì í sì í padà bọ̀ sípò.

Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ orúkọ táyà àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i. Ọlọ́jà tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú kan sàn ju ẹni tó tẹ́ ọjà rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà lónìí tí ẹ kò ní rí lọ́la.

Rímù àti tíúbù: ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá

Lórí máṣíìnì àtijọ́, rímù ló sábà máa ń ba táyà tuntun jẹ́. Ẹ yí ẹsẹ̀ máṣíìnì, kí ẹ mú igi kékeré kan sún mọ́ etí rímù láìjẹ́ kó kàn án. Bí àyè tó wà láàárín wọn bá ń fẹ̀ tó tún ń há, rímù ti wọ́. Ẹ fi sípánà kékeré kan sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le dáadáa a máa dún gooro, èyí tó ti tú a máa dún bòm̀. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fún wọn kí táyà tuntun tó wọlé. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kékeré owó táyà.

Inú rímù onírin máa ń dípẹtà. Kí wọ́n fi sáńpépà tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á mọ́, kí wọ́n rẹ́ orí sípóòkù tó bá yọ sókè, kí wọ́n sì fi ọ̀já rọ́bà bo gbogbo orí sípóòkù yípo. Bí kò bá sí ọ̀já, ẹ gé e láti ara tíúbù àtijọ́. Láìsí i, orí sípóòkù kan ṣoṣo yóò máa gún tíúbù láti inú, ẹ óò sì máa wá ìṣó lójú táyà láìrí i.

Táyà tuntun, tíúbù tuntun. Tíúbù àtijọ́ ti fẹ̀. Bó bá wọ inú táyà tuntun, yóò ká léra, ibi tó ká sí ni yóò sì ti bẹ́. Ìwọ̀n tíúbù gbọ́dọ̀ bá táyà mu: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tíúbù 18 sínú rímù 17. Bí ẹ bá rí BUTYL lára rẹ̀, ó dára, nítorí kì í tètè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò. Ẹ tún mọ̀ pé táyà tí wọ́n kọ TT sí gbọ́dọ̀ ní tíúbù nínú. Rímù onísípóòkù tí à ń wí yìí kò sì lè pa afẹ́fẹ́ mọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun lè bá yín lò ó láìsí tíúbù.

Lọ́dọ̀ fọkanáísà

Ẹ dúró tì í. Ẹ kọ́kọ́ fi ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà hàn án: apá ibi tí ẹsẹ̀ ń yí sí ni ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí àmì róbótó aláwọ̀ kan bá wà lára táyà, kó bọ́ sí ọ̀gangan ẹnu tíúbù.

Kó fún tíúbù ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ kó lè ṣe róbótó, kó fi páúdà tàbí omi ọṣẹ pa á lára, kó tó tì í wọlé. Nígbà tó bá ń fi irin wọ etí táyà, òdìkejì ẹnu tíúbù ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó parí rẹ̀ níbi ẹnu tíúbù, kó sì máa fi orúnkún tẹ etí tó ti wọlé mọ́lẹ̀ sínú kòtò àárín rímù. Ibẹ̀ ni àyè ti ń yọ. Fọkanáísà tó bá ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fa irin níparí kò tíì tẹ òdìkejì dáadáa, tíúbù ló sì máa ń fún pọ̀ láàárín irin àti rímù lásìkò yẹn. Bí iṣẹ́ náà bá ń lọ bó ṣe yẹ, irin kì í fa púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ìka méjì mẹ́ta ni.

Nígbà tó bá ti wọlé tán, kó fún un kún, kó tú u jáde, kó tún fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ ń tò ó sípò, ìgbà kejì ń tú ibi tí tíúbù ká sí. Ẹ wo ìlà tín-ínrín tó yí etí táyà ká: kó jìnnà sí rímù bákan náà yíká. Ẹnu tíúbù gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Kí wọ́n má fi nọ́ọ̀tì rẹ̀ há a mọ́ rímù. Ẹ jẹ́ kó gòkè lọ bá ìdérí, torí bí táyà bá ń yí lórí rímù nítorí afẹ́fẹ́ tó kéré, ẹnu tíúbù yóò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ óò sì rí i kó tó já. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá ṣéènì tọ́, bóyá nọ́ọ̀tì àárín ẹsẹ̀ le, kí ẹ sì tẹ bíréèkì wò.

Afẹ́fẹ́ àti ọjọ́ àkọ́kọ́

Fún Boxer, 25 psi níwájú tó. Ẹ̀yìn gba 28 bí ẹ bá dá wà á, 32 bí ẹ bá gbé èrò. Fún máṣíìnì mìíràn, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ tàbí sára ìbòrí ṣéènì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ ra géèjì tiyín. Owó rẹ̀ kò pọ̀, òun sì ni ohun tó ń jẹ́ kí táyà olówó kékeré pẹ́. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nígbà tí táyà ṣì tutù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Fífi ẹsẹ̀ ta táyà kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Ojú táyà tuntun a máa yọ̀. Fún nǹkan bíi 150 km àkọ́kọ́, ẹ má sáré, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù níbi kọ́nà, pàápàá bí òjò bá rọ̀. Kí ẹni tó ń bá yín fọ máṣíìnì má sì fi dísù tàbí ọ́ìlì tó ti gbó kun táyà kó lè dán: epo ń jẹ rọ́bà. Omi àti ọṣẹ tó.

Ìwé pélébé tí ẹ óò mú lọ sọ́jà

Ẹ dà á kọ, kí ẹ fi sápò:

1. Nọ́ńbà rímù iwájú àti ti ẹ̀yìn, láti ara rímù fúnra rẹ̀.
2. Ìwọ̀n táyà méjèèjì.
3. Iye ẹrù tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń rù, àti nọ́ńbà agbára tó bá a mu.
4. PR tí ẹ kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀.
5. Ọjọ́ orí: nọ́ńbà mẹ́rin, kó má sún mọ́ ọdún mẹ́rin.
6. Etí táyà tí kò ṣẹ́, rọ́bà tí èékánná wọ̀.
7. Tíúbù tuntun tó bá ìwọ̀n mu, àti ọ̀já rọ́bà.
8. Rìsíìtì.

Bí táyà kan bá yege nínú gbogbo rẹ̀, ẹ dúnàádúrà, kí ẹ sì rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ tí ẹ kò tíì gbọ́ rí. Bí ó bá kùnà nínú ìwọ̀n, ọjọ́ orí tàbí agbára, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà níwájú.